Ta Ló Ni Ọ̀nà Yìí?

  

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ wa lóṣù yìí. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà tó wọ ọjà wá pátá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo wa mú lọ sílé nínú ìwé yìí kò ju ìyẹn lọ. Tí a ò bá mọ ẹni tó ni ọ̀nà, tí a ò sì mọ owó tó wà fún un, igbe tí à ń ké látọdún yìí wá, afẹ́fẹ́ là ń ké e sí.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ gbèsè. Tí oníbàárà kan bá jẹ yín lówó ẹrù, ṣé ilé aládùúgbò rẹ̀ lẹ máa lọ sin owó yín? Rárá. Ilé ẹni tó jẹ yín lẹ máa lọ, ẹ ó sì mú ìwé tí ẹ kọ gbèsè náà sí dání. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló yẹ kí a ṣe ọ̀rọ̀ títì.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí kòtò ń gbà lọ́wọ́ wa. Tòmátì àti ata tí à ń tà, ọ̀nà Jẹ́bbà àti Ìlọrin ló ń bá wá láti òkè Ọya. Ẹlẹ́lùbọ́ àti oníṣu wa ń ná Ṣakí, Ìgbòho àti Ìsẹ́yìn. Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ń lọ títí dé ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ká ní aláta kan gbé apẹ̀rẹ̀ 50, tí tírélà sì ṣubú dí títì, tí ọkọ̀ sùn sọ́nà di ọjọ́ kejì. Ká ní 10 nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn ti ń ṣomi kó tó dé Ìbàdàn. Owó 50 ló san, 40 ló máa tà. Ta ló máa san owó 10 yòókù? Orí 40 náà ló máa gbé e lé. Ẹni tó bá wá rà á á ní aláta yìí ń rẹ́ òun jẹ, kò mọ̀ pé kòtò ló rẹ́ àwọn méjèèjì jẹ.

Dírẹ́bà náà á ka owó táyà àti owó sípíríǹgì tó kán mọ́ owó ẹrù. Ẹ sì rántí pé láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jálá bẹntiróòlù kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọkọ̀ tó ń yọ́ rìn nínú kòtò, epo tó ń jó ju ti ọkọ̀ tó ń sáré lórí títì dáadáa lọ. Àwa la ń san án.

Ìyẹn owó o. Ti ẹ̀mí ńkọ́? Ní Àkùngbá-Àkókó, ìpínlẹ̀ Òǹdó, títì ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ wọ àárín ìlú. Ní ìparí ọdún 2020, ọkọ̀ àjàgbé kan tí apá dírẹ́bà ò ká mọ́ já wọ inú ọjà tó wà lẹ́bàá títì níbẹ̀, ó sì pa àwọn tó jókòó ti ọjà wọn. Oṣù bíi méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, òmíràn tún já wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù ní ìlú kan náà. Àwọn tó kú yẹn kò wọkọ̀ lọ síbì kankan. Orí ìjókòó wọn ni títì ti wá bá wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ títì ò kan òun torí òun kì í rìnrìn àjò.

Ó yá, ta ló wá ni ọ̀nà? Àwọn mẹ́ta ni: ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, ìjọba ìpínlẹ̀, àti kánsù. Gbogbo títì ilẹ̀ Nàìjíríà tó nǹkan bíi kìlómítà 200,000. Tí ẹ bá pín in sí ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi 18 ni ti ìjọba àpapọ̀, nǹkan bíi 15 ni ti àwọn ìpínlẹ̀, nǹkan bíi 67 tó kù, ti kánsù ni. Ẹ tún un kà o. Nínú títì mẹ́ta, méjì jẹ́ ti kánsù. Títì tó ti oko wá, tó ti abúlé wá, tó yí ọjà ká, kánsù ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo owó wàyí. Owó tí wọ́n ń kó jọ sínú àpò gbogbogbòò ní Àbújá, oṣooṣù ni wọ́n ń pín in. Nínú ₦100, ìjọba àpapọ̀ ń mú ₦52.68, gbogbo ìpínlẹ̀ ń pín ₦26.72, gbogbo kánsù 774 tó wà ní ilẹ̀ yìí ń pín ₦20.60. Ẹ rí i pé ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jù, òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Èyí kì í ṣe àwáwí fún kánsù, ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ̀ ọ́n, ká lè mọ ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ oníkálukú. Láti 2023 tí owó ìrànwọ́ epo ti kúrò, owó tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pín ti pọ̀ sí i gan-an ní náírà. Lóòótọ́, náírà náà ti fúyẹ́, síméńtì àti ọ̀dà sì ti gbówó lórí. Síbẹ̀, ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ ti pọ̀ sí i kò lè máa dá wa lóhùn bí ìgbà tí kò ní.

Ẹ jẹ́ ká mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ti ìjọba àpapọ̀ ni àwọn títì ńláńlá tó so ìpínlẹ̀ mọ́ ìpínlẹ̀: Ìbàdàn sí Èkó, Ìbàdàn sí Ifẹ̀ àti Iléṣà, Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin. Àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ ní 2002 láti máa tún wọn ṣe ni FERMA. Títì Èkó sí Ìbàdàn, ọdún 1978 ni wọ́n ṣí i. Nígbà tó bàjẹ́, wọ́n gbé e fún ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní 2009 pé kó fi owó ara rẹ̀ ṣe é, kó sì máa gba owó ibodè. Wọ́n gbà á padà ní 2012. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013. Títì tí kò tó 130 kìlómítà, ní 2023 iṣẹ́ ṣì kù lórí rẹ̀. Ti Ìbàdàn sí Ìlọrin ńkọ́? Wọ́n pín in sí mẹ́ta. Apá Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ parí. Apá Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin parí. Apá àárín, Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí àwọn méjì yòókù ti parí, tí ọkọ̀ ń lọ, tí ọkọ̀ ń bọ̀, lórí títì àtijọ́ tóóró kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọ̀nà yẹn mọ iye òkú tí ẹ ti rí níbẹ̀.

Kí ló ń fa á? Owó tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ ni. Wọ́n á kọ iṣẹ́ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fún agbaṣẹ́ṣe ní ìwọ̀nba, owó á tán, agbaṣẹ́ṣe á kó jíà rẹ̀ kúrò lórí títì. Òjò á wá ba èyí tó ti ṣe jẹ́. Tó bá padà dé, iye tó máa béèrè á ti ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí a má máa yọ̀ jù lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gé ríbọ́ọ̀nù ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá parí rẹ̀ ni ká jó.

Ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni títì tó so ìlú mọ́ ìlú. Títì Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló tún un ṣe nínú sáà àkọ́kọ́ Gómìnà Ṣèyí Mákindé, láàárín 2019 sí 2023. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra iṣu àti gbàgùúdá ní Òkè-Ògùn, ẹ lè jẹ́rìí sí i pé títì kan tó dára ń yí ọjà padà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ní àjọ tó ń tún títì ṣe, OYSROMA ni wọ́n ń pè é. Bákan náà, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní RAAMP, tí Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó rẹ̀ ní 2020, fún títì oko àti ọjà àgbẹ̀. Ọ̀yọ́, Ògùn, Òǹdó àti Èkìtì wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ tó wọ inú rẹ̀. Owó yíyá ló pọ̀ jù nínú owó náà o, àwọn ọmọ wa ló máa san án. Ó sì yẹ kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ máa san gbèsè mọ títì tí wọ́n fi gbèsè náà ṣe.

Ẹ jẹ́ n wá bọ́ sórí kánsù, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ kánsù sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ọjà wà níbẹ̀, gáréèjì ọkọ̀ wà níbẹ̀, ilé ìgbẹ́ gbogbogbòò wà níbẹ̀. Títì àdúgbò, iná títì àti gọ́tà náà wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a bá dé ọ̀dọ̀ kánsù, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún ará ìlú: owó wa ò dé ọwọ́ wa, ìpínlẹ̀ ló dì í mú. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ilẹ̀ yìí dá ẹjọ́ pé gómìnà kankan ò gbọdọ̀ di owó kánsù mú, pé kí owó náà máa lọ tààrà sọ́dọ̀ kánsù tí ará ìlú dìbò yàn. Ìdájọ́ lọ́tọ̀, ìmúṣẹ lọ́tọ̀. Fanfa pọ̀ lẹ́yìn ìdájọ́ náà lórí bí owó ṣe máa dé ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwáwí àtijọ́ yẹn ti dínkù. Alága kánsù tó bá ní òun ò rówó, ẹ ní kó fi ìwé iye tó gbà hàn yín.

Owó kan tún wà tí n kò fẹ́ kó fò wá dá. Ní ọdún 2007, òfin kan jáde pé nínú owó epo tí wọ́n bá tà, kí wọ́n máa yọ 5 nínú 100 sọ́tọ̀ fún títúnṣe títì. Kí FERMA mú 40 nínú 100 owó náà, kí àwọn ìpínlẹ̀ mú 60. Ọdún gorí ọdún, wọn ò gbà á bí òfin ṣe wí. Nínú òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, 5 nínú 100 tún wà lórí epo. Òfin náà ní ọjọ́ tí mínísítà bá kéde ni yóò bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó gbé e kalẹ̀ ní títì ni wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe. Tí wọ́n bá gbà á, inú owó ọkọ̀ wa ni wọn ó ti gbà á. N kò ní kí a lòdì sí i ṣáájú. Ohun tí mo sọ ni pé ẹni tó bá san owó ẹrù ló yẹ kó rí ẹrù.

Èyí ló gbé mi dé orí àríyànjiyàn tó wà láàárín wa. Àwọn kan nínú wa ní kí ẹgbẹ́ máa dá owó lóṣooṣù, ká máa fi ra òkúta wẹ́wẹ́, ká fi dí kòtò ẹnu ọ̀nà ọjà. Àwọn kan ní kọ́bọ̀ wọn ò ní jáde. Èmi rò pé àwọn méjèèjì ní òótọ́ lẹ́nu. Tí kòtò bá ń gbé aláboyún ṣubú lónìí, a ò lè máa dúró de kánsù. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣooṣù, a ti gba iṣẹ́ kánsù ṣe fún un nìyẹn, owó tiwọn á sì gba ibòmíràn lọ. Ìmọ̀ràn mi rèé: tí a bá máa dá owó, kó jẹ́ ti pàjáwìrì, lẹ́ẹ̀kan. Kí a ya fọ́tò kòtò náà, kí a kọ iye tí a ná sílẹ̀, kí a sì mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí kánsù lọ́jọ́ náà. Owó tí a ò bá kọ sílẹ̀, wọn á ní a ò ná an.

Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa. Omi ló ń ba títì jẹ́ ju ọkọ̀ lọ. Tí gọ́tà bá dí, omi á dúró lórí ọ̀dà, á rá wọ abẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ á rọ̀, táyà tírélà kan á sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí kòtò ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀rá àti ìdọ̀tí tí wọ́n ń gbá sínú gọ́tà lálẹ́, owó títì ló ń jẹ. Kí olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan mójú tó iwájú ìsọ̀ tirẹ̀. Àwọn tó ń pàtẹ dé orí ọ̀dà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé oníbàárà ń rí yín dáadáa níbẹ̀. Tírélà tí bùréèkì rẹ̀ bá já náà ń rí yín dáadáa. Ṣùgbọ́n kí kánsù náà má kàn rán àwọn tó ń fọ́ igbá wá lé wa. Òfin ní àwọn ló ni ọjà; kí wọ́n fún wa ní àyè tí a lè sún sí.

Nígbà tí a bá ń béèrè títì, ká má béèrè ọ̀dà nìkan. Títì tó tẹ́jú tí kò ní ohun tó ń dín eré kù, ikú ló ń sáré lórí rẹ̀. Ká béèrè gọ́tà tí wọ́n bò, iná títì, ibi tí ọkọ̀ á yà sí já ẹrù, ibi tí èèyàn á ti fò títì, àti ògiri kọ́nkéré láàárín títì àti ọjà níbi tí òkè bá wà. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí gbogbo wa ń pè ní Road Safety, ilẹ̀ Yorùbá ni irú iṣẹ́ yẹn ti gbilẹ̀: ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní tirẹ̀ ní 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá tiwọn sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága wọn àkọ́kọ́. Nọ́ńbà wọn fún jàǹbá ọkọ̀ ni 122, ẹ kì í san owó ìpè. Ẹ kọ ọ́ sí ara ògiri ìsọ̀ yín. Kí àwọn ọmọbìnrin tó ń tẹ̀lé ọkọ̀ ẹrù má sì gun orí ẹrù mọ́. Ẹrù tó bá ṣubú, a ó rí owó rà míràn.

Báwo la ṣe máa béèrè? Àkọ́kọ́, lásìkò. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀, kí ọdún yìí tó parí ni wọ́n ń kọ ọ́. Ẹni tó bá dé lóṣù kìn-ín-ní, wọ́n ti pín ẹran tán. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń pe ará ìlú sí ìpàdé lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì láti agbègbè dé agbègbè láwọn ọdún tó kọjá yìí. Kí àwa náà ní èèyàn níbẹ̀, kó má jẹ́ àwọn olóṣèlú nìkan. Èkejì, pẹ̀lú ìwé. Láti ọdún 2011 ni òfin kan tí wọ́n ń pè ní FOI ti wà. Ó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba, pé iye wo ni ẹ gbà, kí lẹ fi ṣe. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Ẹ ò ní sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹni tí kò mọ̀wé lè ní kí ẹlòmíràn bá òun kọ ọ́, òfin náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń jiyàn pé òfin yẹn ò kan àwọn, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ó kàn wọ́n.

Nítorí náà, kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń pa á lára jù, kí wọ́n sọ ibi tó ti bàjẹ́ gan-an, lẹ́bàá afárá wo, lẹ́bàá abúlé wo. Kí wọ́n mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Èmi á tò wọ́n sí mẹ́ta: ti Àbújá, ti ìpínlẹ̀, ti kánsù. Lẹ́tà mẹ́ta ni a ó kọ, a ò ní kó gbogbo rẹ̀ dà sílé ẹnì kan. A ó gba òǹtẹ̀ wọn sórí ẹ̀dà tiwa, kí wọ́n má baà ní àwọn ò rí i. Tí àwọn olóṣèlú bá sì wá pẹ̀lú àpò ìrẹsì, ẹ gbà á tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ béèrè lẹ́tà wa lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọlọ́run á jẹ́ ká máa lọ ire, ká máa bọ̀ ire. Òkú ò ní sùn ní ọ̀nà ọjà wa o. Àmín.

Èmi ni ti yín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́